Kápúsù Tí Àǹtí Mi Ń Tú Sínú Ẹ̀kọ

Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó ka èyí. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni mo fẹ́ sọ, n kò sì ní wá orúkọ ẹlẹ́wà fún un. Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ wí fún pé egbò wà nínú ìfun yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù, ẹ̀yin àti àwọn ẹbí tó yí yín ká, tí wọ́n ń gbé ìgò àgbo wá láti ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fìdí kalẹ̀ kí ẹ gbọ́, bí ìdí bá gbà fún yín. Tèmi kò gbà fún mi fún ohun tó lé lọ́dún kan.

Olùkọ́ ni mí. Mowé ni mo ń gbé, Ìbafò ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ẹ̀kọ́ Ìtàn, ẹ ò sì ní ṣàìmọ̀ pé ẹni tó bá ń kọ́ni ní Ìtàn kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, inú lọ́ mi mọ́ra láàárín kíláàsì. Mo ní kí àwọn ọmọ máa kàwé lọ, mo sáré lọ sílé ìgbẹ́ àwọn olùkọ́. Nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni mo rí. Kì í ṣe ẹ̀kán kan tàbí méjì, bí ìgbà tí èèyàn da sóbò sílẹ̀ ni. Mo wò ó bí ẹni ń wo ẹrù aládùúgbò. Mo da omi sí i, mo fọwọ́, mo padà sí kíláàsì, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ àwọn ọba ayé àtijọ́ lọ láti ibi tí mo ti dúró. Ẹ̀rù kò bà mí. Mo rò pé akíkanjú ni mí ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun kan ti kú tipiri nínú mi lọ́jọ́ náà.

"Jẹ̀dí ni!" Bí wọ́n ṣe wí ní yàrá àwọn olùkọ́ nìyẹn kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Ní agbègbè wa, bí eku bá jẹ bàtà rẹ, jẹ̀dí ni. Bí ìyàwó rẹ kò bá dá ọ lóhùn, jẹ̀dí ni. Ẹlẹgbẹ́ mi kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá Ìtàn, ẹ dín ṣúgà inú gàrí yín kù, kó má jẹ́ pé ìtàn ìdí yín la máa kọ́ àwọn ọmọ lọ́dún tó ń bọ̀." A rẹ́rìn-ín. Mo ra àgbo jẹ̀dí, mo mu ún, ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i. Mo lọ ra ti ẹlòmíràn, bí ẹni pé ẹni tó ń ta àgbo ló ń yàgbẹ́. Kò pẹ́ tí mo fi mọ gbogbo ilé ìgbẹ́ tó wà láti Mowé dé Ìbafò bí ẹni mọ ilé àna rẹ̀: ti ilé epo, ti mọ́ṣáláṣí, ti ilé búrẹ́dì kan tí obìnrin ibẹ̀ kì í jẹ́ kí n wọlé àfi bí mo bá ra búrẹ́dì. Búrẹ́dì kún ilé wa. Ìyàwó mi, Ìyá Tóyìn, fi ìṣó gbígbóná lu ihò tuntun sára bẹ́líìtì mi, ó tún lu òmíràn, títí bẹ́líìtì náà fi yí mi po lẹ́ẹ̀kan àbọ̀.

Ọmọ Èkó ni Ìyá Tóyìn, ìjọ alágbára ló ń lọ. Ó gbé òróró àdúrà wá, ó fi pa mí níkùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Súwé, tó ń gbé ní Ìfọ̀ níbi tí wọ́n bí wa sí, gbé omi sámúsámù tí alálàájì kan mú bọ̀ láti Mẹ́kà wá, ó ní kí n kọjú sí gábàsì kí n mu ún. Mo fi ti èkíní para, mo mu ti èkejì. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ wo èèyàn sàn, n kò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo dí I lọ́nà.

Nígbà tí mo ṣubú níwájú pátákó ìkọ̀wé ni wọ́n tó gbé mi lọ sílé ìwòsàn ńlá. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlà ibẹ̀ ṣe rí fún aláìsàn bíi tiwa. Ẹ ó dé kí oòrùn tó yọ, ẹ ó sì bá ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn lórí bẹ́ńṣì. Bí iwájú bá ṣe ń ṣófo ni ẹ ó máa fi ìdí wọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìfun rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ kò lè fi ìdí wọ́ lọ títí kó má dìde. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ sílé ìgbẹ́, ẹni tó wà lẹ́yìn mi á ti sún sí àyè mi. Màmá àgbà kan wò mí nígbà tí mo tún padà dé.

"Bàbá, ṣé orí ìlà lẹ wà ni, àbí ẹ kàn wá bẹ̀ wá wò?"

"Mo wà lórí ìlà, mà. Ìdí mi ló wà lórí ìlà ibòmíràn."

Gbogbo bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín, màmá náà sì sún fún mi. Ẹ má dá lọ. Ẹ mú ẹni tó máa bá yín jókòó sáyè dání.

Wọ́n ti kámẹ́rà kékeré kan gba ìdí mi wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé n kì í dára nínú fọ́tò, ẹ kò tíì rí èyí. Dókítà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ rọ̀, fi àwòrán náà hàn wá. Inú ìfun mi pọ́n, ó bó bí ògiri tí òjò ti lù.

"Egbò ló wà nínú ìfun ńlá yín, sà. Kì í ṣe jẹ̀dí, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan ló ṣe yín. Ara yín fúnra rẹ̀ ló ń bá ìfun yín jà. Kò ní lọ pátápátá, ṣùgbọ́n oògùn lè pa á lẹ́nu mọ́."

"Bí oògùn kò bá pa á lẹ́nu mọ́ ńkọ́, Dókítà?" Ìyá Tóyìn bèèrè.

"Nígbà náà la máa sọ̀rọ̀ pé ká gé ìfun náà, mà."

Mo gbọ́ ọ. Kàlẹ́ńdà ara ògiri ni mo ń wò. Oṣù tó ti kọjá ló ṣì ń fi hàn, mo sì ń rò ó pé ó yẹ kí ẹnì kan bá wọn ṣí i.

Kápúsù ni oògùn náà. Ó tóbi, ó pọ́n bíi bíríkì, ara rẹ̀ ń dán. Dókítà ní kí n máa gbé e mì. Èkó la ti rí i rà, owó rẹ̀ sì mú kí Ìyá Tóyìn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé oògùn. Fìríìsà tó fi ń ta omi tútù la tà kí a tó lè ra àkọ́kọ́.

Ọ̀sẹ̀ náà ni Àǹtí Súwé wá kí mi. Kí n tó sọ ohun tó ṣe, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ike ló ń tà lọ́jà Ìfọ̀: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, kúùlà. Ó lè fi ìka tẹ abọ́ pẹ́ẹ́, kó sọ ìgbà tí yóò fọ́ fún ọ. Ó mú kápúsù kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi eyín dán an wò.

"Àkànní, rọ́bà nìyí."

"Oògùn ni, Àǹtí mi."

"Oògùn wà nínú ẹ̀. Èyí tó wà níta yìí, rọ́bà ni. Ṣé èmi lo máa júwe rọ́bà fún? Kí ni dókítà ní ó ń ṣe ẹ́?"

"Egbò. Nínú ìfun."

"Egbò. Ó dáa. Nígbà tó o tẹ ìgò lójúde Bàbá, tí ẹsẹ̀ ẹ là, kí ni Ìyá wa ṣe sí i?"

Gbogbo wa la mọ ìdáhùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà mọ̀ ọ́n. Nígbà èwe wa, bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ gbá òkúta, kápúsù pupa-òun-ìyẹ́lò ni wọn á ra fún un. Wọn kì í jẹ́ kó gbé e mì. Wọn á fa orí rẹ̀ yọ, wọn á gbọn ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò, wọn á sọ èèpo nù. Kó tó di ọ̀túnla, egbò ti gbẹ. Egbò nìyẹn, egbò nìyí. Kápúsù nìyẹn, kápúsù nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ sọ ibi tí ìrònú náà ti wọ́ fún mi.

"Ìyẹ̀fun ló ń wo egbò," Àǹtí mi wí. "Rọ́bà kì í jẹrà. Tó o bá ń gbé rọ́bà mì lójoojúmọ́, níbo ló ń lọ? Ojú egbò yẹn náà ló máa lọ dì mọ́."

Ìyá Tóyìn àti Àǹtí mi kì í fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì Ọ̀fàdà pàápàá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ìyàwó mi mi orí. "Òótọ́ lẹ sọ o, Àǹtí. Títú ni màmá tèmi náà máa ń tú u."

Bí òróró àti sámúsámù ṣe parí ìjà nílé mi nìyẹn.

Kápúsù yìí kì í ṣí wẹ́rẹ́ bí ti àtijọ́. Wọ́n ti dì í pa. Ẹni tó bá ṣe nǹkan tó dì í tó báyẹn, ó yẹ ká bi í pé kí ló dé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í. Àǹtí mi fi sísọ́ọ̀sì gé e lórí, ó gbọn ìyẹ̀fun náà sínú ẹ̀kọ gbígbóná, ó rò ó pọ̀, mo mu ún. Ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ní Ìfọ̀, ó kó wá sí Mowé kó lè máa tú u fún mi bó ṣe yẹ. Kò fo ọjọ́ kan. Bí mo bá bì, á tún ẹ̀kọ mìíràn rò. N kò tíì rí ẹni tó tọ́jú aláìsàn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Oògùn kò ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí a bá padà dé ilé ìwòsàn ni dókítà ń bi mí pé, "Ṣé ẹ ń lo oògùn yín, sà?" Mà á ní, "Mò ń lò ó, mi ò fò ó rí." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ó fi kún iye tí mò ń lò, Àǹtí mi sì ń gé èyí tó pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Irun mi ń já. Àwọn ọmọ kíláàsì mi wá kí mi, ọ̀kan nínú wọn kí mi tán, ó bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé olùkọ́ wa wà nílé?" Mo ní ó ti jáde, kó dúró dè é. A jọ rẹ́rìn-ín nígbà tó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣàwàdà náà, mò ń gbọ́ ohùn ara mi bí ẹni ń gbọ́ rédíò ilé kejì.

Nígbà tó yá, wọ́n dá mi dúró sí wọ́ọ̀dù. Dókítà oníṣẹ́ abẹ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ó ní oògùn ti kùnà. Bí wọ́n bá fi ìfun ńlá náà sílẹ̀ báyìí, ó lè bẹ́ sínú mi, kó sì pa mí. Wọn yóò gé e, wọn yóò fa orí èyí tó kù gba ẹ̀gbẹ́ ikùn mi jáde, kí ìgbẹ́ lè máa bọ́ sínú àpò ọ̀rá tí mà á máa so mọ́ra títí ayé. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Ìyá Tóyìn bú sẹ́kún. Àǹtí mi ní, "Àpò ọ̀rá? Lára àbúrò tèmi?"

Mo ní, "Ẹ ṣáà ń ta ike, Àǹtí. Ẹ bá mi wá èyí tó ní ìdérí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ gbá mi létí, ó wá fi ọwọ́ náà bo ojú ara rẹ̀. Èmi ń wo omi tó ń kán látinú ìgò tí wọ́n so kọ́ sókè orí mi. N kò bẹ̀rù, n kò banújẹ́. Ẹ má pe ìyẹn ní ìgboyà o. Bí ara bá jìyà pẹ́, ọkàn á ti ilẹ̀kùn, á lọ sùn. Bó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ má bá ara yín jà. Láti ìgbà náà ni mo ti pàdé àwọn tó ní àpò ọ̀hún: wọ́n ń jẹ, wọ́n ń jó, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́. Kì í ṣe òpin ayé. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà á nítorí ẹ̀kọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Àǹtí mi ń gé kápúsù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, fúláàsì ẹ̀kọ wà nítòsí rẹ̀. Apoògùn wọ́ọ̀dù náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lo awò ojú, ń kọjá lọ. Ó dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń tọ́jú àbúrò mi."

"Ẹ̀ ń gé kápúsù náà, mà?"

"Ṣé kí n jẹ́ kó máa gbé rọ́bà mì ni?"

"Látìgbà wo lẹ ti ń gé e?"

"Látọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Mi ò fo ọjọ́ kan." Ó wí i bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fa àga, ó jókòó. Kò pariwo, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyẹn. Ó ní omi kan wà nínú ikùn gbogbo èèyàn tó kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Bí ìyẹ̀fun yìí bá bọ́ síbẹ̀ ní ìhòòhò, òkè lọ́hùn-ún ló máa parí sí, kò ní dé ibi egbò, nítorí ìsàlẹ̀ pátápátá ni egbò wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi nǹkan kun ara kápúsù, bí a ṣe ń fi ọ̀dà kun irin kó má dípẹtà. Omi kíkan kò lè yọ́ ọ. Á la ikùn kọjá lódidi, ó di inú ìfun nísàlẹ̀, níbi tí kíkan ti tán, kó tó yọ́, kí ìyẹ̀fun tó dà sójú egbò gan-an.

"O kàwé, ọmọ mi," Àǹtí mi wí, "ṣùgbọ́n rọ́bà kì í yọ́."

"Kì í ṣe rọ́bà, mà."

"Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń ta rọ́bà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, mà, ẹ má gbà mí gbọ́. Ṣé ẹ lè rí ọsàn wẹ́wẹ́ àti kán-ún rà níta?"

Ẹ má pe Àǹtí Súwé níjà. Ó ti jáde kí apoògùn tó sọ ọ́ tán. Ó fún omi ọsàn sínú ife kan, ó rẹ kán-ún sínú èkejì, nítorí apoògùn ní kán-ún kì í kan, ó jọ inú ìfun nísàlẹ̀. Ó ju èèpo kápúsù tó ti gé sínú méjèèjì, ó sì jókòó tì wọ́n bí ẹni ń ṣọ́ ẹran lórí iná. Bó pẹ́ díẹ̀, á fi ṣíbí rò wọ́n wò. "Ẹ wá wò ó o!" ó kígbe sí gbogbo wọ́ọ̀dù. "Kò yọ́! Mo ní rọ́bà ni!" Àwọn aláìsàn tó lè dìde dìde wá wò ó. Ọkùnrin kan láti Àkúté ní òun fara mọ́ Ìyá Oníke.

Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ wá, ṣíbí rẹ̀ kò ró nínú ife mọ́. Mo yíjú sí i. Nínú ife ọsàn, èèpo kápúsù ṣì wà bó ṣe wà, ó ń dán. Nínú ife kán-ún, omi ti pọ́n bí amọ̀, ohun tó kù nínú rẹ̀ dà bí ikun. Ó fi ṣíbí gbé e, ó já. Ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ìka rẹ̀ kan ara wọn.

"Àkànní." Kò wò mí. "Mo ti ń dà á nù."

"Ẹ ò dà á nù, Àǹtí mi. Mo ń mu ún."

"Bí mo ṣe ń gbé e fún ẹ ni mò ń dà á nù."

Ó gbé ife méjèèjì lọ síbi omi, ó ń fọ̀ wọ́n. Wọ́n ti mọ́ tipẹ́ kó tó fi wọ́n sílẹ̀.

Apoògùn sọ fún dókítà wa, dókítà sì mú oníṣẹ́ abẹ wá. Oníṣẹ́ abẹ náà wo Àǹtí mi, ó wo fúláàsì ẹ̀kọ, ó wá wò mí. "Nígbà náà, oògùn yìí kò tíì kùnà," ó ní. "A ò tíì lò ó rárá ni." Ó ní òun á dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá le sí i, òun ò ní bi ẹnikẹ́ni kí òun tó mú ọ̀bẹ. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú ìjà náà rọlẹ̀, wọ́n sì ní kí n máa gbé kápúsù mì bó ṣe wà. Àǹtí mi ló ń gbé e fún mi. Bí mo bá gbé e mì, á ní kí n la ẹnu, á yẹ abẹ́ ahọ́n mi wò bíi ti ọmọ jẹ́léósinmi.

Gbogbo wa ń dúró. Lọ́jọ́ kan ẹ̀jẹ̀ dín. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ó tún dà. Ìyá Tóyìn gbààwẹ̀, Àǹtí mi náà gbààwẹ̀, wọ́n jọ ń fi ebi wo ara wọn lójú lórí mi. Oníṣẹ́ abẹ sún ọjọ́ síwájú, ó tún sún un. Nígbà tó yá, kò wá síbi bẹ́ẹ̀dì mi mọ́. Mo rí i níbi bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíràn, ó juwọ́ sí mi láti ọ̀hún, bí a ṣe ń juwọ́ sí ẹni tí a kò ní iṣẹ́ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé ìfun mi ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbafò báyìí. Mo ti sanra díẹ̀, àwọn ọmọ sì ti dá mi mọ̀. Àìsàn náà kò lọ. Ọyẹ́ tó kọjá, ó tún jí, ẹ̀jẹ̀ tún yọ, a sáré lọ sílé ìwòsàn, ó sì rọlẹ̀. Ẹ̀wà kì í bá mi rẹ́ mọ́, oògùn ṣì wọ́n, a ò sì tíì ra fìríìsà mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Kápúsù mìíràn wà tó ṣeé tú, òmíràn kò ṣeé tú. Ojú lásán kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ bi apoògùn. Kí ẹ sì má sọ fún dókítà pé ẹ̀ ń lò ó nìkan. Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń lò ó látòkèdélẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sísọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ẹ má sì lé ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé nǹkan wá. Ẹ mú un dání lọ, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n tún ti kámẹ́rà bọ ibi tí ẹ mọ̀. Dókítà ní egbò náà ti jinná, àpá ló kù. Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an, mà," mo sì bọ́ síta. Mo pe Àǹtí Súwé ní Ìfọ̀, mo sọ fún un bí dókítà ṣe wí. Mo gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń sunkún, tí oníbàárà kan sì ń bi í pé ṣé kò sí o. Mo di fóònù náà mú.

"Ìwọ náà sunkún díẹ̀ kẹ̀, Àkànní. Ó tó ẹkún."

Mo dúró, mo wá a nínú ara mi. Kò sí níbẹ̀.

"Kò tíì dé, Àǹtí mi."

"Kò burú. Jẹ́ kó máa bọ̀." Ó fọn ikun. "Ṣó o ti lo tàárọ̀ yìí?"

"Mo ti lò ó."

"Lódidi?"

"Lódidi, Àǹtí mi."